Fídíò Tí Mo Tò fún Ọ̀rẹ́ Mi ní Iléṣà

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo fi ra dátà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Keje, kó sì tó di ọ̀sán, ó ti tán. Mi ò wo ìròyìn, mi ò wo bọ́ọ̀lù, mi ò bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ètò tí mo fi ń to fídíò nínú kọ̀ǹpútà ló sọ pé àtúnṣe tuntun ti dé fún òun, kò sì dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ó fa gbogbo dátà náà mu tán. Ní ọdún tí mo jáde ní yunifásítì, ẹgbẹ̀rún méjì náírà àti díẹ̀ lórí rẹ̀ ni wọ́n ń ta ọkọ̀ ìjàpá tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Mo mọ̀ dájú, nítorí mo ra ọ̀kan, aláwọ̀ ewé, mo sì wà á láti Ìbàdàn dé Òṣogbo pẹ̀lú gbogbo gíláàsì rẹ̀ ní ṣíṣí kí àwọn ará ọ̀nà lè rí ojú mi.

Ní ilé oúnjẹ wa ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán. Ẹran á wà níbẹ̀, ọsàn kan á tẹ̀lé e, a sì tún máa ń ráhùn pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Lónìí, omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo ń gba àádọ́ta náírà lọ́wọ́ mi ní Alekuwodo níbí ní Òṣogbo, mo sì ń dúpẹ́ pé ó tutù. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, àwọn ọmọ mi á ní àwọn ti mọ ibi tí mo ń lọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Iye tí wọ́n ń ta ọjà nìkan ni mo lè sọ nípa ìgbà èwe mi tí ohùn mi kò ní yí padà.

Ohun tí mo ń fi dátà ṣe nìyí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Iléṣà. Yàrá kan náà la jọ gbé fún ọdún méjì ní yunifásítì, òun ń kọ́ ìtàn, èmi ń kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi di òṣìṣẹ́ ìjọba, àwa méjèèjì sì ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ó pè mí, ó ní dókítà ojú ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún òun. Ojú ọ̀tún ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ti òsì tó kù ń dín kù láti etí wá sí àárín, ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ń wo ayé láti inú páìpù, páìpù náà sì ń tín-ín-rín sí i. Dókítà ní ó lè gba oṣù mẹ́rin, ó lè gba mẹ́fà, kó tó dí pátápátá. Kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá èyí tó ti lọ padà.

Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun kẹ́dùn.

“Àwọn téèpù ọjọ́ kejì Kérésì wa wà lọ́wọ́ rẹ,” ó ní. “Jẹ́ kí n rí gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó pa dé.”

Àwa mẹ́fà la jẹ́ ọ̀rẹ́ láti yunifásítì, Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo wa ti wá. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, bí Kérésì bá ti di ọjọ́ kejì, ilé ọ̀rẹ́ mi yìí ní Iléṣà la máa ń pàdé. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná. Òun ló ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fídíò nígbà tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n ládùúgbò, òun ló sì máa ń gbé e lé èjìká láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ kó téèpù mọ́kànlá sínú páálí, ó gbé e wá fún mi. Ó ní èmi nìkan ni òun mọ̀ tí kì í sọ nǹkan nù.

Mo gbé páálí náà lọ sí Alekuwodo, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àti kọ̀ǹpútà. Ó bá mi kó ohun tó wà nínú téèpù sórí fíláàṣì. Méjì ti hu, kò rí nǹkan yọ nínú wọn. Mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ wákàtí méjìdínlógún: jíjẹ àti mímu, àríyànjiyàn lórí ìjọba, ewúrẹ́ tó kọjá, aṣọ ìkélé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò lè fi ojú páìpù wo wákàtí méjìdínlógún. Ohun tí mo pinnu ni pé màá gé e sí wákàtí kan péré, màá mú ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan, màá fà á tóbi, màá gbé e sí àárín gbùngbùn, màá sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un, kó lè bọ́ sí ojú ihò tó kù fún un láti fi ríran. Obìnrin náà bá mi fi ètò tí wọ́n fi ń to fídíò sínú kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọmọ mi rà fún mi. Ó ní ètò náà ti pẹ́ díẹ̀, pé kí n ní sùúrù fún un.

Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti ń ṣe é, nínú ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó, létí Òṣogbo. Tábìlì náà ní àga mẹ́fà. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ó di ọdún mẹ́rin báyìí, ọ̀kan ni mo ń lò, ìwé ìròyìn àtijọ́ sì wà lórí méjì. Nígbà tí a kọ́lé síbẹ̀, igbó ni gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, ilé tuntun ló yí mi ká, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú wọn máa ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù, tí ojú ọ̀nà á sì dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo kọ́ iṣẹ́ náà fúnra mi. Mo máa ń wo ẹ̀kọ́ lórí fóònù, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì láyé ọjọ́un: bí a ṣe ń gé e, bí a ṣe ń so ó pọ̀, bí a ṣe ń gbé ohùn sábẹ́ àwòrán.

Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá oríṣiríṣi, mi ò rí èyí tó le bí ètò yẹn. Bí mo bá gbé ohùn sábẹ́ àwòrán, ohùn á ṣíwájú ẹnu, ènìyàn á ti rẹ́rìn-ín tán kí ẹnu rẹ̀ tó là. Bí mo bá ní kó gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kúrò, á gé mẹ́ta, á tún bù lára ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ á ṣàdédé funfun, òrùka kékeré kan á máa yí láàárín rẹ̀, á yí títí, gbogbo rẹ̀ á wá pa dé láì sọ ìdí. Ohun tí mo ṣe láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń dá gbé á mọ̀ pé kì í ṣe wèrè. “Jọ̀ọ́, dúró kí n fi èyí pamọ́,” ni mo máa ń wí fún un, àwọn ọjọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ti jáde lẹ́nu mi.

Yàtọ̀ sí ìpè ọ̀rẹ́ mi. Láràárọ̀ ló máa ń pè, ní kété tó bá ti gbàdúrà tán. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣómàáló, ọ̀kan lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, tí wọ́n á padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, tí wọn ò ní dìde títí yóò fi rí nǹkan fún wọn.

“Mo ti lóṣòó o, ará Òṣogbo,” ni ó máa ń sọ. “Ṣé o wà ní ulé?” Ó mọ èdè òyìnbó ju àwọn tó kọ́ ọ lọ, síbẹ̀ ulé ni ilé lẹ́nu rẹ̀ títí dòní.

Èmi á ní, “Lóṣòó dáadáa. Orúnkún rẹ ló máa kọ́kọ́ pè ọ́ dìde.”

“Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Ojú ló ń ṣe mí. Ta lo gé lánàá?”

Mo máa ń sọ fún un. Mo ní mo gé agbẹjọ́rò tó wà nínú àwa mẹ́fà níbi tó ti ń bá ewúrẹ́ rẹjọ́ lórí iṣu. Mo ní mo gé ọ̀rẹ́ wa ará Iperindo níbi tó ti gbé òkúta kan sókè, tó ń búra pé góòlù wà nínú rẹ̀. Ọmọ àwọn tó ń wa góòlù lóko ni, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ gbàgbọ́ pé ìwọ̀nba ilẹ̀ díẹ̀ ló kù kí òun gbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Lẹ́yìn náà, á ní kí n ṣe kíá.

Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹfà, mo ti ní ègé àwòrán mẹ́tàlélógójì. Mo kọ orúkọ ẹni tó ni ojú sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú fólídà kan, mo sì ti tò wọ́n tẹ̀léra nínú ètò náà tó ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ó ku díẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ṣí fólídà náà láti ka iye wọn, ara mi kò sì gbà á. Ojú wọn tò sílẹ̀ ní ìlà ìlà, kékeré kékeré, bí a ṣe ń fi fọ́tò kọ́ ara ògiri. Agbẹjọ́rò wa, tó wà láàyè, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ará Iperindo, tó ti kú. Ojú èmi náà bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo wò ó, mo pa á dé, mo tún ṣí i.

Nígbà tí bàbá mi kú, ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi gun orí àpótí, ó yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó lọ gbé e kọ́ sí ògiri kejì tó kọjú sí i. Ó ní alààyè àti òkú kì í jọ wà lójú ìlà kan, pé ẹni tó bá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ pe alààyè tẹ̀lé òkú ni. Kò sí ilé kan ní agboolé wa tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàwé. Mo mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ àti bí òkè ṣe ń hù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi kú, èmi náà dìde ní ọjọ́ kẹjọ, mo yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, kò sì sí ẹni tó rán mi.

Mo ṣe fólídà méjì. Mo pe ọ̀kan ní Àwọn Tó Wà, mo pe èkejì ní Àwọn Tó Ti Lọ. Mo fi ọ̀sán Sátidé yẹn pín wọn, mo gbé ègé kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ ẹni tó ni ín, mo sì pa fólídà àkọ́kọ́ rẹ́ nítorí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ara mi wá rọ̀. Mo jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ìsìn, mo kọrin.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ tí mo ra dátà tí ètò náà fà mu. Nígbà tó tún ara rẹ̀ ṣe tán, mo ṣí iṣẹ́ mi. Dúdú ló wà níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀ di àpótí dúdú, wọ́n tẹ̀léra láti òpin kan dé èkejì, àkọlé kékeré kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òun kò rí i. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí tíì mi fi tutù. Mi ò ṣiyèméjì rárá nípa ẹni tó ṣe é: àtúnṣe tuntun yẹn ló jẹ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rù sì bà mí pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú àwọn ègé náà, mo bá pa gbogbo wọn rẹ́, fólídà méjèèjì, mo padà sídìí fíláàṣì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó gbà mí ju oṣù méjì lọ. Ojú tèmi náà ti ń ṣe bàìbàì bí mo bá fẹ́ gé ibi tó tín-ín-rín. Iná máa ń lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà náà kò sì lè gbé e ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń pè. Nígbà tó ṣe, kò bi mí mọ́ nípa bí wọ́n ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń sọ ló ń bèèrè. Kí ni agbẹjọ́rò sọ fún ewúrẹ́ náà gan-an? Kí ni a kọ lórin lẹ́yìn oúnjẹ? Mo rò pé inú rẹ̀ ló kàn ń dùn.

Mo parí iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ṣí fólídà, mo rí wọn lójú ìlà kan, mo tún pín wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ lójijì, kọ̀ǹpútà kú lójú mi. Nígbà tí mo bá àpótí dúdú níbẹ̀ láàárọ̀, iná ni mo dá lẹ́bi lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé kọ̀ǹpútà sínú àpò, mo gun ọ̀kadà, ó di Alekuwodo.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà fún mi ní àga. Kò ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ó sì ní sùúrù tí mi ò rí lára ètò tó fi sí kọ̀ǹpútà mi. Ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá, àwọn àwòrán yín ò sọnù o,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ gbé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà.”

“Mi ò gbé nǹkan kan, ọmọ mi. Iná ló lọ.”

“Fólídà méjì yìí ńkọ́? Ta ló ṣe wọ́n?”

Ó ka orúkọ fólídà àkọ́kọ́ sókè. Ó ka ti èkejì, ṣùgbọ́n kò pariwo rẹ̀, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn wa.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ètò náà kì í gbé àwòrán mì. Ibi tó ti kọ́kọ́ rí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kàn máa ń fi sọ́kàn, ibẹ̀ náà ló sì máa ń padà lọ wò nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. Bí kò bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, á fi dúdú dí ojú àyè rẹ̀. Mo bi í bóyá a lè jẹ́ kó mọ ibi tuntun tí wọ́n wà. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí ètò náà ti gbó tó, kí a tó fi ẹni kẹwàá hàn án, á ti pa dé mọ́ wa lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo wọn padà sójú kan, bí wọ́n ṣe wà,” ó ní. Ó wo ojú mi, ó sì fi kún un pé, “Wọn ò ní jà nínú kọ̀ǹpútà, Bàbá. Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wọ́n?”

Mo ní kó ṣe é. Ó kó wọn pọ̀. Ó ṣí iṣẹ́ náà, àwọn ojú wọn sì padà wá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ìgbà tí iná bá dé sínú ilé láti yàrá dé yàrá. Kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Kò sí èyí tí àtúnṣe jẹ, kò sí èyí tí iná bà jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni ì bá rí, ká ní mi ò fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n rẹ́. Láti oṣù Keje ni ọ̀rẹ́ mi ì bá ti rí i. Orí ọ̀kadà tó gbé mi padà sí Ọ̀fàtẹ̀dó ni mo ti ṣírò rẹ̀, mo sì tún un ṣírò nígbà tí mo délé. Ohun tó lé ní oṣù méjì nínú ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo fi pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ètò náà kò tíì bá mi jà tán. Bí mo bá ní kó sọ gbogbo rẹ̀ di fídíò kan, á máa lọ jẹ́jẹ́ títí yóò fi ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, á dúró síbẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Mo gé iṣẹ́ náà sí mẹ́fà, mo ń yọ ọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan, ó sì gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nínú oṣù Kẹwàá, mo wọ ọkọ̀ Iléṣà pẹ̀lú fíláàṣì nínú àpò àyà mi. Mo fọwọ́ kàn án ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dúró.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. “Ẹ káàbọ̀, Bàbá Òṣogbo, ẹ kú ọ̀nà,” ó ní, ó sì gba àpò lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ọ̀rẹ́ mi wà nínú àga rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ti wọ aṣọ tó dára, ó ti gé irun. Mo ní kó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ojú rẹ̀ lè mú un dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí mo ṣe fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Mo na fíláàṣì náà sí i kó rí bó ti kéré tó. Ó na ọwọ́ láti gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí mi ò sí.

Ìyàwó rẹ̀ wọ inú ilé ìdáná lọ.

“Ìgbà wo ni?” mo bi í.

“Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.”

“O sì ń pè mí láràárọ̀ pé kí n ṣe kíá.”

“Bí mo bá sọ fún ọ, o máa pa á tì,” ó ní. “Kí lo máa wá máa ṣe nínú ilé yẹn?”

Mo fi fíláàṣì sí ìdí tẹlifíṣọ̀n nítorí pé ohun tí mo wá ṣe nìyẹn. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, mo ń sọ ohun tó ń lọ fún un, pé agbẹjọ́rò nìyí, pé ó de fìlà pupa, títí ó fi gbé ọwọ́ lé orúnkún mi pé kí n dákẹ́ kí òun lè gbọ́. Mo sì ṣe ohun tó ń ṣe, mo di ojú mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹnjiníà wa. Oṣù mẹ́fà ni mo fi gé fídíò yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí. Òun ló máa ń gbé ẹ̀rọ, nítorí náà kò sí ojú rẹ̀ níbì kankan, kò sì wà nínú fólídà tí mo ṣe fún àwọn tó wà tàbí èyí tí mo ṣe fún àwọn tó ti lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló sún mọ́ ẹ̀rọ jù. Òun ló ń mí, òun ló ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwa yòókù tó mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, òun ló ń sọ ṣáá pé, “Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀ ń bọ́ sẹ́yìn, ẹ sún mọ́ra.”

“Òun ló pọ̀ jù níbẹ̀,” ọ̀rẹ́ mi sọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ti òsì àti ti ọ̀tún bákan náà.

Nígbà tó parí, mo jẹ́wọ́ ohun tó fa ìdádúró fún un, bí mo ṣe pín wọn àti ohun tí obìnrin Alekuwodo sọ. Mo rò pé yóò bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó ní òun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ó ní òun kò gbọ́ ohùn agbẹjọ́rò lórí fóònù láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí n sọ fún òun gan-an, láìfi nǹkan kan pamọ́, ẹni tó kù nínú wa.

Mo sọ fún un. Ẹnjiníà wa kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́. Ará Iperindo kú ní ọdún tó tẹ̀lé e, nínú oko, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tíì ta ilẹ̀ náà. Agbẹjọ́rò wà láàyè ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí i, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ń pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, èyí tó ń po oògùn, wà láàyè, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, ó ní òtútù kì í jẹ́ kí òun jáde. “Ìwọ wà níbí,” mo sọ fún un. “Èmi náà wà ní Ọ̀fàtẹ̀dó.”